Ogun, Arọ àti Ìlú Àlejò: Ìtàn Àwọn Aláàbọ̀ Ara Láàárín Àwọn Ogunléndé ní Freetown

Òwe àwọn baba wa kan sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìtumọ̀ tí a ń fún òwe yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ẹni tí ó bá tètè múra sílẹ̀ kì í bá ewu pàdé. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà ka orí ìwọ̀n ìtàn, a ó rí i pé ohun méjì ni ó fẹsẹ̀ tì, ohun méjèèjì náà ni ogun kì í sì í sábà fún ènìyàn. Èkínní ni pé kí a gbọ́ ìró ogun kí ogun tó dé. Èkejì ni pé kí ẹnì kan wà tí yóò gbé arọ náà pọ̀n, kí ibì kan sì wà tí yóò gbà á. Òwe náà dákẹ́ lórí ohun tí ó ń bá arọ lẹ́yìn tí ó bá sá àsálà dé ìlú onílùú. Ohun tí òwe dákẹ́ lé lórí ni ó yẹ kí òpìtàn wádìí.

Àwọn ìlú gúúsù Èkìtì kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ogun. Ògòtún wà ní ìhà ibi tí ilẹ̀ Èkìtì ti ń súnmọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sì sí ìlú tí ó wà ní irú ibẹ̀ tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ogun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Léraléra ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wọ ilẹ̀ Èkìtì, títí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi parapọ̀, tí ogun Kírìjì sì fi bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1877, tí kò tán pátápátá títí di 1893. Àwọn àgbà a máa sọ pé lára òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, nítorí pé ilẹ̀ olókè ni. Nígbà ogun, òkè ni odi, òkè ni ibi ìsádi. Ṣùgbọ́n òkè tí ó jẹ́ ibi ìsádi fún ẹlẹ́sẹ̀, ìgànná ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Afọ́jú tí ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àgbàlá baba rẹ̀ dé ibi tí kò ti nílò ọ̀pá, ìgbà tí a bá fà á jáde sínú igbó lóru ni ó tó di afọ́jú gan-an. Èyí fi hàn pé ogun kì í sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara nípa idà àti ìbọn nìkan. A máa gba ilé, ojúlùmọ̀ àti iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti jẹ́ aláàbọ̀ ara tẹ́lẹ̀, a sì máa sọ ohun tí kò tó nǹkan nílé di ẹrù wíwúwo lẹ́yìn odi.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu wa kún fún orúkọ àwọn jagunjagun àti àwọn tí ó tẹ ìlú dó. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nípa àwọn tí a gbé pọ̀n. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ti rí fún wọn gbọ́dọ̀ wá ìlú kan tí àwọn ènìyàn wa ti ṣe àlejò, tí àwọn onílé sì fi ìwé kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ìlú bẹ́ẹ̀ wà. Freetown ni, olú ìlú Sẹ̀ráléónì, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró.

Bí ọ̀nà ṣe gbé àwọn ọmọ Yorùbá dé ibẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ní 1808 ni Freetown di ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ogun ojú omi wọn ti ń lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ẹrú kiri, bí wọ́n bá sì mú ọ̀kan, Freetown ni wọ́n máa ń wà á lọ, kí ilé-ẹjọ́ tó wà níbẹ̀ lè dá àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kí òwò náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí àwọn ọdún 1860, iye ènìyàn tí a kó dé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000. Bí ogun ṣe ń tú Ọ̀yọ́ Ilé, Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká ni iye àwọn ọmọ Yorùbá ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Nígbà tí Koelle tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà jáde ní 1854, ẹnu àwọn ará Freetown ni ó ti gba ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo wọn ní Aku, nítorí pé “ẹ kú” ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni wọn gbogbo.

A kì í pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ogunléndé nínú ìwé. “Àwọn tí a gbà sílẹ̀” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ogun ni ó lé wọn nílé, ìlú onílùú ni wọ́n sọ̀ sí, wọn kò sì lè padà. Orúkọ ni ó yàtọ̀. Ipò kan náà ni.

Irú ara wo ni wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀? Àyè tí a fi wọ́n sí nínú ọkọ̀ kò tó ẹni í na ẹsẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìgbóná, egbò ẹsẹ̀ àti àrùn ojú ni ó ń jà láàárín wọn. Àrùn ojú yìí ni ó burú jù lọ fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, nítorí ẹni tí kò bá pa, a máa fi í sílẹ̀ lókùnkùn. Ní 1819, ọkọ̀ Faransé kan tí à ń pè ní Le Rôdeur gbéra láti Bonny pẹ̀lú ẹrù ẹrú. Àrùn ojú bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ẹrú, ó sì ran àwọn atukọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ní kí a da àwọn ẹrú tí ojú wọn fọ́ pátápátá sínú òkun, nítorí kò sí ẹni tí yóò ra afọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n ó fi òfin òwò náà hàn láìfi bò: ara tí kò lè ṣiṣẹ́ kò ní iye. Ohun tí ó yẹ kí a bi ìtàn Freetown ni bóyá òfin mìíràn wà ní èbúté tí a ti ń fọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ìdáhùn náà ní apá méjì. Apá kìn-ín-ní dára láti gbọ́. Àgbàlá ńlá kan wà ní Freetown tí à ń pè ní Àgbàlá Ọba, ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kó gbogbo àwọn tí a gbà sílẹ̀ sí. Ní 1817, nígbà tí MacCarthy jẹ́ gómìnà, a kọ́ ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú sí ibẹ̀ fún wọn, a sì kọ ọ́ sí ara òkúta ẹnu ọ̀nà pé fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí a gbà lóko ẹrú ni. Ẹnu ọ̀nà náà ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn Connaught tí a ṣí ní 1912. Ní abúlé Kissy, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà, a dá ilé kan sílẹ̀ ní 1820 fún àwọn tí orí wọn dàrú, nígbà tí ó sì yá, a ń kó àwọn afọ́jú, àwọn arọ àti àwọn tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn lọ sí ilé ìwòsàn Kissy. Robert Clarke, dókítà tí ó ṣiṣẹ́ láàárín wọn, tẹ ìwé jáde ní 1843 nípa ìṣesí àwọn tí a gbà sílẹ̀. Àwọn ilé wọ̀nyí wà lára àwọn ilé irú bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àjèjì kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí kò ní ẹnì kankan láyé rí òrùlé àti oúnjẹ níbẹ̀. Kò yẹ kí a gbàgbé èyí.

Apá kejì wà nínú ìwé orúkọ. Bí a bá ti sọ ènìyàn kalẹ̀, akọ̀wé a kọ nọ́mbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ bí etí Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, bí ó ti ga tó, àti àmì ara rẹ̀. Lábẹ́ àmì ara yìí ni ilà ojú àwọn baba wa àti àpá ara wà, ohun tí ó sọ ọmọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ nílé àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lójú ọ̀nà, tí akọ̀wé kọ pọ̀ láìmọ ìyàtọ̀. Ìwé náà tún ń sọ ibi tí a fi olúkúlùkù sí. Ibẹ̀ ni sísẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Asẹ́ kìn-ín-ní ni iṣẹ́ ológun. Láti àwọn ọdún 1810 ni àwọn ọ̀gágun ti ń wá sí Àgbàlá Ọba láti ṣa àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le. Asẹ́ kejì ni ìrìn-àjò sí òkè òkun. Láti 1841 ni a ti ń kó àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko ní Jàmáíkà, Trínídáàdì àti Gùyánà. Ní àárín àwọn ọdún 1840 ni ìjọba sì fa ọwọ́ oúnjẹ tí ó ń fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́yìn, kí wọ́n lè fẹ́ láti lọ. Ẹni tí ó lè ro oko ni a ń fẹ́ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Asẹ́ kẹta ni ìpadàbọ̀ sílé, èyí tí inú wa máa ń dùn sí jù lọ. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Aku ti ń wọ ọkọ̀ padà sí Bàdágìrì, Èkó àti Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá rí owó ọkọ̀ san, tí ó sì lè fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà láti etí òkun dé Abẹ́òkúta, ni ó ń padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sẹ́ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó jẹ́ pé àwọn tí ara wọn pé ni ó kọjá. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó pète ibi sí arọ àti afọ́jú. Olúkúlùkù ń wá ohun tirẹ̀: ọ̀gágun ń wá ọmọ ogun, olóko ń wá alágbàṣe, ọmọ Yorùbá ń wá ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí asẹ́ dá dúró kò pòórá. Freetown àti Kissy ni ó kù sí.

Báwo ni ó ṣe wá rí fún àwọn tí ó kù? Àwọn Yorùbá ní, àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá bá lè di afọ́jú ní ìlú onílùú, kí ni a ó pe ẹni tí kò ríran rárá, tí kò gbọ́ èdè, tí kò mọ ẹni tí ń di òun lọ́wọ́ mú? Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ nílò ni ohùn tí ó mọ̀. Ibí ni iṣẹ́ àwọn Aku fúnra wọn ti hàn. Wọ́n ní olórí tiwọn, bí Thomas Will àti John Macaulay tí à ń pè ní ọba àwọn Aku. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àwọn abúlé wọn, wọ́n sì gbé ẹ̀sùsú láti ilé lọ sí ibẹ̀. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá yóò rí owó gbà, ẹni tí ó kú yóò rí ẹni sin ín. Àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ kan náà ń pe ara wọn ní ará ọkọ̀, wọ́n sì ka ìyẹn sí ẹbí. Ẹbí tí ogun fọ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn mọ padà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kò yẹ kó fara sin fún wa. Ìjọba wo ara, ó sì fún ara ní ibùsùn. Ẹgbẹ́ wo ènìyàn, ó sì fún un ní ipò: ó ní ìgbà tí ó yẹ kí ó san owó, ó ní ìgbà tí ó yẹ kí ó gbà á. Arọ tí ó lè jókòó hunṣọ, tí ó lè tajà, tí ó lè dá ẹ̀sùsú, kì í ṣe alágbe. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ pẹ̀lú ní ààlà. Ẹni tí kò lè dá owó rárá, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹni tí kò sí ará ìlú rẹ̀ nítòsí, Kissy nìkan ni ó kù fún wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ìfẹ́ ilé ṣe ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́, kí a wá sọ pé nílé wa gbogbo aláàbọ̀ ara ni ó gbé ní ìdẹ̀ra. Òótọ́ ni pé àwọn baba wa ka àfín, abuké, arọ àti aràrá sí ẹni òrìṣà, nítorí pé ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n. Ìgbàgbọ́ yìí dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ó tún yà wọ́n sọ́tọ̀. A sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ìlú ni ibùgbé adẹ́tẹ̀. Ohun tí ilé ní tí ìlú àlejò kò ní kì í ṣe inú rere tí ó pọ̀ jù; ìmọ̀ ni. Nílé, a mọ ọmọ ẹni tí arọ náà í ṣe. Nígbà tí a bá ti mọ ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe, ó ṣòro láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí nọ́mbà.

Sísẹ́ yìí kò parí sí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sì jẹ́ ti Áfíríkà nìkan. Lẹ́yìn ogun àgbáyé tí ó parí ní 1945, ọ̀kẹ́ àìmọye ogunléndé wà ní àgọ́ ní Jámánì, Austria àti Ítálì. Àwọn ìlú tí ó nílò òṣìṣẹ́ wá ṣa àwọn tí ara wọn le. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn àgbàlagbà, àwọn afọ́jú, àwọn arọ àti àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe ni ó ń kù sí àgọ́, pẹ̀lú ìdílé wọn tí kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún àwọn ogunléndé, láti Okúdù 1959 títí di 1960. Ní àkókò náà ni àwọn orílẹ̀-èdè kan tó gbà láti mú lára àwọn tí a ti kọ̀ sílẹ̀. Kánádà gba àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe pẹ̀lú ìdílé wọn. Ó gba nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá kí ayé tó rí àwọn tí asẹ́ dá dúró.

Freetown náà tún rí irú rẹ̀. Ní Oṣù Kẹta 1991 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Sẹ̀ráléónì, tí kò parí títí di Oṣù Kìn-ín-ní 2002. Gígé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ń dẹ́rù bani. Àwọn tí ogun lé ní ìgbèríko ya wọ Freetown. Ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kìn-ín-ní 1999, ogun náà lé wọn bá níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àgọ́ kan wà ní Murray Town, nínú ìlú Freetown, tí ó jẹ́ pé àwọn tí a gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn ni ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, tí ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2004, dá a lábàá pé kí ìjọba máa fún wọn ní owó oṣooṣù àti ìwòsàn ọ̀fẹ́. Nítorí kí ni? Nítorí pé a kò lè sọ fún ẹni tí kò ní ọwọ́ mọ́ pé kí ó padà sí oko rẹ̀ kí ó di ọkọ́ mú. Ilé àwọn tí orí wọn dàrú ní Kissy náà ṣì wà. Crase Yard ni àwọn ará ìlú ń pè é, ó sì di ọ̀rúndún tiwa yìí kí a tó mú ẹ̀wọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn ibẹ̀. Ní ìlú tí a ti tú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn àwọn baba wa, ó pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ náà sì yí padà wá bá wa nílé. Ní 1990, nígbà tí ogun lé àwọn ará Làìbéríà, tí ó sì tún lé àwọn ará Sẹ̀ráléónì lẹ́yìn wọn, ìjọba Nàìjíríà ṣí àgọ́ fún wọn ní Orù, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ ìlú tí ó gba Crowther lálejò wá di àlejò ní ilẹ̀ Crowther. Láti 2006 ni àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti wà, ó sì ní kí a dáàbò bò wọ́n nígbà ogun àti ìjàm̀bá. Nàìjíríà fọwọ́ sí i, ó sì ní òfin tirẹ̀ láti Oṣù Kìn-ín-ní 2019. Nítorí náà ìlú wa kò lè sọ pé òun kò gbọ́ ìró ogun ṣáájú.

Ó kù ohun kan tí ó kan àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Sàró, Samuel Àjàyí Crowther ni a fi ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ Òṣogùn tí a mú ní 1821, tí ọkọ̀ gbé sọ̀ sí Freetown ní 1822, tí ó rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta ní 1846, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìtàn náà yẹ kí a máa sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ ọ́ nìkan, àwa náà ti di asẹ́ kẹrin. Àwa òpìtàn pẹ̀lú a máa ṣa àwọn tí ara wọn pé, àwọn tí wọ́n wúlò fún ògo wa, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ ní Kissy. Ìtàn Sàró kò pé títí a ó fi ka àwọn tí kò padà wá mọ́ ọn.

Ní Ògòtún, ẹní híhun ni iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn obìnrin ìlú náà jákèjádò Èkìtì. Ìjókòó ni a ń ṣe é. Kò bèèrè ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń hun ún. Ẹní náà ni a sì kọ́kọ́ ń tẹ́ fún àlejò kí a tó bi í léèrè ibi tí ó ti wá. A kì í wo ẹsẹ̀ àlejò kí a tó tẹ́ ẹ.